Bàrà Dókítà Nímátù

Ọdún 1994 ni àbúrò mi Nímátù dé láti Faransé. Gbogbo ilé wa ní Asawase ní Kumasi kó sínú ọkọ̀ trotro kan, a sì lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ní Accra. Bàbá wa, Ààfáà Jímọ̀h, wé láwàní tuntun. Ìyá Àgbà Sùwéébátù, tí kì í lọ síbi tó jìnnà ju mọ́ṣáláṣí lọ, ní òun náà ń bọ̀, nítorí ẹni tó bá lọ kàwé nílẹ̀ òyìnbó títí tó fi di dókítà, dandan ni kó gbé fíríìjì bọ̀. Èmi fúnra mi ti ṣí àyè sílẹ̀ fún fíríìjì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí mo ń kó aṣọ títà mi sí.

Nímátù jáde pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Kò sí fíríìjì. Kò sí ọkọ, yálà funfun tàbí dúdú. Nígbà tí a délé, tí gbogbo agbo ilé pé jọ sí àgbàlá láti wo ohun tó mú bọ̀, ó ṣí àpò náà, ó kó àwọn àpò bébà kéékèèké jáde. Kóró ló wà nínú gbogbo wọn.

"Kóró kí ni?" Ìyá Àgbà bèèrè.

"Mẹ́lọ́ọ̀nù ni, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà mú ọ̀kan, ó fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ dán an wò. "Ẹ̀gúsí ni," ó wí fún wa. "Ọmọ yìí lọ ra ẹ̀gúsí ní Faransé, nígbà tí ẹ̀gúsí kún ọjà Asafo."

Nímátù ní kì í ṣe ẹ̀gúsí, kì í sì í ṣe bàrà tí àwọn Hausa ń tà ní àdúgbò wọn ní Zongo, pé ìbátan wọn ni. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti ń pè é ní bàrà Nímátù, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó máa ń wádìí ọ̀rọ̀ kó tó bínú ni Bàbá wa. Ó ní, "Nímátù, kí lo lọ kọ́ gan-an?"

"Bí èso ṣe ń pọ́n ni, Bàbá."

Bàbá tún láwàní rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá èso ni èso ti ń pọ́n, kò sì sẹ́ni tó lọ sí Faransé nítorí rẹ̀. Ààfáà tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú láti ìgbà èwe rẹ̀ wá bí ọmọ kan, ọmọ náà sì lọ gba oyè dókítà lórí ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àlùhámúdùlílàhì," Bàbá wí níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n tú ọ̀fọ̀ fún.

Kí n má parọ́, Nímátù gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó jókòó tì mí lórí ẹní lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Àǹtí Ràzíátù, ẹ wò ó. Irú bàrà yìí kan wà tó jẹ́ pé bí àkókò àtipọ́n rẹ̀ bá ti tó, á tú gáàsì kan jáde láti ara rẹ̀. Ojú ò rí gáàsì náà. Òun ló ń mú kí èèpo rẹ̀ pọ́n, kí òórùn dídùn rẹ̀ gba oko kan, kó sì já lára ìtàkùn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí á fi jẹrà. Irú kejì kì í tú gáàsì yẹn. Á kàn wà níbẹ̀ bí òkúta, kò ní ta sánsán, kò ní já, ẹ sì lè gbé e sílé títí ẹ ó fi gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n. Bí mo bá mú òdòdó akọ ti ọ̀kan, tí mo fi kan òdòdó abo ti èkejì, wọ́n á bímọ."

"Kí lo fẹ́ fi àwọn ọmọ náà ṣe?"

"Màá wo èyí tó jọ ìyá àti èyí tó jọ bàbá. Ibẹ̀ la ó ti mọ ohun tó jẹ́ iṣẹ́ gáàsì àti ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá mọ̀ ọ́n lára bàrà, ọ̀nà á là fún wa láti mọ̀ ọ́n lára máńgòrò, lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, lára tòmátì tó ń jẹrà sínú ọkọ̀ kó tó dé Kumasi."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi díẹ̀. Èyí tó yé àwọn obìnrin agbo ilé wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé Nímátù ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀bùn àfiwé, wọn ò sì jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n ní dókítà tó mọ èso tó pọ́n ti dé, ta ni yóò wá bá wa sọ fún un pé òun alára ti pọ́n kọjá? Kò pẹ́ tí Bàbá fi rí Alhaji Sùlèímọ̀n, oníṣòwò páàtì mọ́tò, ọkùnrin tó níwà, tó lówó, tó sì níyàwó méjì sílé. Alhaji ní òun ò kọ dókítà. Ó ní ó máa ń wu òun láti ní ẹni tí yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun nínú ilé. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé Nímátù kì í ṣe irú dókítà bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwádìí kan lẹ́yìn ìlú ló gba Nímátù síṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè máa sinmi lọ. Ọ̀gá wọn ni Pròfẹ́sọ̀ Yaw, onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé bàtà rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ oko mọ́. Ó fi ọ̀yàyà gba Nímátù. Ó pè é ní "ọmọ Alata wa", bí wọ́n ṣe ń pe àwa tí baba ńlá wa ti Nàìjíríà wá, ó sì fi ẹ̀rọ tó máa ń wọn gáàsì ara èso hàn án. Àwọn òyìnbó ló fi ẹ̀rọ náà ta ilé ìwádìí náà lọ́rẹ. Àpótí pákó tí wọ́n fi gbé e wá ló ṣì wà, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akosua, akọ̀wé Pròfẹ́sọ̀, ti tẹ́ aṣọ sórí àpótí náà, orí rẹ̀ ló ti ń jẹ kenkey rẹ̀ lọ́sàn-án.

"Nígbà wo la máa ṣí i, sà?" Nímátù bi í.

"Kò tíì ṣeé ṣí," Pròfẹ́sọ̀ dáhùn. "A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i lọ́nà ti ìjọba, kí a tó ṣí i pẹ̀lú òòlù. Èèyàn ńlá la ń retí."

Òjò ọdún méjì ti rọ̀ lórí ìrètí náà. Nímátù gba ilẹ̀ tí wọ́n fún un lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, ó gbin bàrà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oyin tó jí, á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ìtàkùn, á máa fi òdòdó kan òdòdó. Ó ń so òwú mọ́ ọrùn èso kọ̀ọ̀kan: pupa fún èyí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olóòórùn, búlúù fún èyí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olókùúta. Ó gbin kóró tó jáde lára ìyẹn náà, ó sì tún so òwú mọ́ tiwọn.

Alhaji Sùlèímọ̀n wá wò ó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, nínú agbádá funfun, èmi ni mo mú un lọ. Ó dúró jìnnà sí ẹrọ̀fọ̀.

"Nímátù, kí lò ń ṣe fún òdòdó yẹn?"

"Mò ń fún un lọ́kọ ni, Alhaji."

Alhaji rẹ́rìn-ín pẹ́. "Òdòdó ti rí ọkọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò tíì tú gáàsì, Alhaji."

Alhaji wò mí pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo ní oòrùn ló pa á.

Nígbà tí bàrà náà gbó, tí olóòórùn ti ń ta sánsán díẹ̀díẹ̀, Pròfẹ́sọ̀ Yaw kéde pé èèyàn ńlá ti rí àyè. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Accra, obìnrin òyìnbó kan sì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ẹ̀rọ ta wọ́n lọ́rẹ. Wọn yóò ṣí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n. Nímátù ò lè sùn mọ́ fún ayọ̀. Wọ́n á ṣí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Jímọ̀, lọ́jọ́ kejì òun á ká bàrà òun, òun á gbé e sínú rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa wá. Bàbá tún wé láwàní. Alhaji fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa, òun, Bàbá, Ìyá Àgbà àtèmi, nítorí ó ti ń ka ara rẹ̀ mọ́ àna.

Wọ́n ta àtíbàbà. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń fun fèrè. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kí gbogbo àwọn tó jókòó níwájú ní kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè wọn, nígbà tó bá sì fi máa kí wọn tán, ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, á wá jókòó, a ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àlejò fi nǹkan panu. Àwọn alásè gbé àwo fàdákà wá sórí tábìlì ńlá, èso ló wà nínú wọn, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù ọjọ́ kìn-ín-ní, òmíràn ní àwọ̀ ọsàn, òmíràn funfun bí ẹyin. Ó dára lójú mi. Mo fẹ́ bi Nímátù pé kí lorúkọ rẹ̀, ni mo bá rí ojú rẹ̀.

Ó lọ bá Akosua. Mo tẹ̀ lé e.

"Akosua, níbo lẹ ti rí èso yẹn?"

"Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni, Dókítà. Pròfẹ́sọ̀ ní kí a ká gbogbo rẹ̀, kí àlejò lè rí i pé à ń ṣiṣẹ́."

"Òwú tó wà lọ́rùn wọn ńkọ́?"

"Mo já wọn dànù. Wọ́n dọ̀tí." Akosua fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ló ń bà á lọ́kàn jẹ́. "Mo fọ èso náà dáadáa, ẹ má mikàn."

Nídìí tábìlì ńlá, ọ̀gá tó ti Accra wá ti bọ ọ̀kan nínú olókùúta sẹ́nu. Ibi tí a wà la ti gbọ́ ìró rẹ̀ láàárín eyín rẹ̀. Ó bi Pròfẹ́sọ̀ bóyá kùkúḿbà ni. Pròfẹ́sọ̀ ní irú tuntun ni. Obìnrin òyìnbó náà, tó dà bíi pé ó mọ nǹkan díẹ̀, bèèrè èwo ni òbí àti èwo ni ọmọ nínú ohun tó wà nínú àwo. Pròfẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní gbogbo rẹ̀ ni.

Nímátù lọ gba makirofóònù. Èèyàn tó bá bínú nílé wa, ariwo ló máa ń pa, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò gbé ohùn sókè rárá. Ó sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, pé, "Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ mi láti ọdún kan lẹ̀ ń jẹ yẹn. Òun ni mo fẹ́ gbé lọ́la sínú ẹ̀rọ tí ẹ wá ṣí. Kò ku ẹyọ kan nílẹ̀ mọ́."

Gbogbo ojú yí sí i. Mo ní, ó parí, wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá náà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó dìde dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́.

Gbogbo àtíbàbà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣèjọba, òun ò tíì rí ọ̀dọ́ onímọ̀ tó lè fi iṣẹ́ ọdún kan ṣe àlejò. Ó ní àpẹẹrẹ rere ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé fun fèrè. Bàbá wa, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju ti ọjà lọ, rí i pé èèyàn ńlá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ òun, òun náà sì pàtẹ́wọ́ títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà mú ègé kejì.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, tí káfíńtà fi òòlù ṣí àpótí náà. Ẹ̀rọ náà ń dán. Obìnrin òyìnbó náà ní ṣé òun lè rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wo inú àwo, èèpo ló kù. Pròfẹ́sọ̀ Yaw ní ẹ̀rọ náà ti ọ̀nà jíjìn wá, ó yẹ kó sinmi díẹ̀. Ó kàn ti sinmi lábẹ́ kenkey Akosua fún ọdún mẹ́ta ni.

Nígbà tí àlejò ń wọ mọ́tò wọn, Nímátù lọ bá Esi, olórí àwọn alásè, ó bi í níbo ló da kóró inú èso náà sí. Esi nawọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kojo ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, òun ló máa ń kó gbogbo àjẹkù.

Ọmọ Ààfáà Jímọ̀h ti Asawase kò dúró rò ó. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Kojo ṣẹ̀ṣẹ̀ da àjẹkù sínú ọpọ́n ni, ẹlẹ́dẹ̀ ti ki ẹnu bọ̀ ọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ràn án lọ́wọ́ tó bí agbára mi ṣe mọ: mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di imú. Kojo ń fi igi lé ẹran rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sọ ní Twi pé òun ti rí onírúurú dókítà, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí èyí tó ń bá ẹlẹ́dẹ̀ du oúnjẹ. Apá Nímátù ti wọ inú ọpọ́n dé ìgúnpá, ó ń ṣa kóró, ó ń kó o sínú gèlè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji Sùlèímọ̀n ṣe bá wa. Ó ń wá wa kiri kó lè gbé wa lọ sílé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọpọ́n. Ó wo apá ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó sọ "Aúsù bílàhì" jẹ́jẹ́, ó yí padà. Ó gbé Bàbá àti Ìyá Àgbà lọ, ó fi wá sílẹ̀. Inú trotro la wọ̀ padà, àwa méjèèjì sì ní àga kan odindi fún ara wa, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì wá. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji rán èèyàn sí Bàbá pé òun ti tún ọ̀rọ̀ náà rò, ìyàwó méjì tó òun. Nínú ẹ̀sìn wa, wọ́n ní kí a má jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí a má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kí ìránṣẹ́ Alhaji tó dé, Bàbá pè mí. Ó ní kí n túmọ̀ ohun tí Nímátù sọ nínú makirofóònù fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí àlùwàlá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ bá Nímátù ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé iṣẹ́ rẹ ni wọ́n ń jẹ?"

"Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́, Bàbá."

Mo rò pé Bàbá yóò bínú. Ó wo kóró tó wà nínú gèlè náà pẹ́. "Ṣé ó ṣeé fọ̀?" ló bi í.

"Ó ṣeé fọ̀."

Bàbá lọ gbé bùútà rẹ̀ wá, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń da omi sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Nímátù sì ń fọ kóró náà, omi ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Nígbà tó mọ́ tán, Bàbá ní kó gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé kéwú, lórí ilẹ̀ tí òun ti ń pèsè láti fi kọ́ yàrá.

Òwú ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè mọ kóró tó jẹ́ ọmọ ta ni nínú wọn mọ́. Àfi kí Nímátù gbin gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó sì dúró títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi fi ara rẹ̀ hàn. Ìtàkùn gun ògiri ilé kéwú. Bàbá, tó ní èso ń pọ́n láìsí Faransé, di ẹ̀ṣọ́. Ọmọ kéwú tó bá na ọwọ́ sí i, ẹgba ló máa jẹ. Bí Màlámù kan bá wá kí i láti Zongo, á mú un lọ síbi ìtàkùn, á ṣàlàyé gáàsì fún un ní Hausa, á ní ọmọ òun ti ń bá èso sọ̀rọ̀, èso náà sì ń dáhùn. Nímátù gbìyànjú láti tún un ṣe. Mo ní kó fi Bàbá sílẹ̀, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Pròfẹ́sọ̀ ṣe ń ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí bàrà náà gbó, Nímátù ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ nínú garawa tó ní ìdérí. Pròfẹ́sọ̀ ti ti ẹ̀rọ náà mọ́ yàrá kan kí eruku má bàa bà á jẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè lò ó. Akosua ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ti mọ ohun tí òwú yẹn jẹ́ nígbà náà, ojú sì ń tì í. Ó fún Nímátù ní kọ́kọ́rọ́ náà láìbéèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí Nímátù fi ẹ̀rọ wọn gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bá Bàbá lórí ẹní, ó gé ọ̀kan tí kò tú gáàsì kankan, ó fún un.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Bàbá. Kò ta sánsán, kò sì já fúnra rẹ̀."

Bàbá ṣe bisimilá, ó jẹ ẹ́. "Ó dùn."

"Ohun tí mo rí nìyẹn. Òórùn àti jíjá, iṣẹ́ gáàsì ni. Adùn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Adùn ń bọ̀ láti ọ̀nà mìíràn."

Bàbá jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀, kí àwọn obìnrin tó ń gún fùfú ní àgbàlá lè gbọ́, ó ní kò di dandan kí òórùn nǹkan gba àdúgbò kó tó dùn. Odó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ iṣẹ́ náà jáde. Orúkọ Pròfẹ́sọ̀ Yaw ló ṣáájú, ti Nímátù tẹ̀ lé e, bí ó ṣe tọ́ kí ọmọ máa tẹ̀ lé àgbà tó bá jẹ bàrà rẹ̀. Pròfẹ́sọ̀ náà ló sì lọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Nairobi. Nígbà tó dé, ó wọlé tọ Nímátù wá, ó ní wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun gidigidi, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òun ò lè dáhùn. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí kóró ìran kejì fi dàpọ̀ mọ́ra, tí kò fi sí àmì kankan lára wọn.

"Kí ni kí n sọ fún wọn?" ló bi í.

Nímátù ní, "Ẹ sọ fún wọn pé a ní àlejò, sà."

Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ bomi rin ìtàkùn.